Kí lẹ ó fi ti ilẹ̀kùn Login.gov yín? Ìfiwéra ọ̀nà márùn-ún

Amẹ́ríkà ò ní káàdì ìdánimọ̀ orílẹ̀-èdè bí ti Nàìjíríà. Lórí ayélujára, Login.gov ni ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ibẹ̀ fi ń mọ ẹni tó ń kanlẹ̀kùn, ọmọ Yorùbá tó bá sì ń gbé ibẹ̀ kì í pẹ́ kó tó bá a pàdé. Ẹni tó fẹ́ gba Global Entry kó má bàa máa tò pẹ́ ní pápákọ̀ òfurufú, ibẹ̀ ni yóò gbà. Ẹni tó fẹ́ wo àkọsílẹ̀ Social Security rẹ̀, ìyẹn ètò owó ìfẹ̀yìntì ìjọba ibẹ̀, lè gba ibẹ̀. Ẹni tó ń wá iṣẹ́ ìjọba lórí USAJOBS, àti oníléeṣẹ́ kékeré tó ń du iṣẹ́ àgbàṣe lórí SAM.gov, ẹnu ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn ń gbà. Iléeṣẹ́ ìjọba tó ń jẹ́ GSA ló ṣí i lọ́dún 2017, ọ̀fẹ́ sì ni.

Ímeèlì kan àti páásíwọ́ọ̀dù tí kò kéré sí lẹ́tà 12 lẹ ó fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ojú ìwé kan á yọ, á ní kí ẹ yan ọ̀nà kejì tí wọn yóò máa fi mọ̀ pé ẹ̀yin gan-an lẹ fẹ́ wọlé. Ibẹ̀ yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kánjú. Wọ́n á tẹ nọ́ńbà fóònù wọn, wọ́n á gba kóòdù, wọ́n á wọlé, ó parí. Ọdún márùn-ún ni Global Entry fi ń ṣiṣẹ́. Nígbà tó bá fi máa tó àkókò láti tún un ṣe, nọ́ńbà ọjọ́sí ti lè bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Kò sí òṣìṣẹ́ Login.gov tó lè bá yín ṣí ilẹ̀kùn náà, bó ti wù kí ẹ bẹ̀ ẹ́ tó. Bí gbogbo ọ̀nà kejì tí ẹ yàn bá bọ́ lọ́wọ́ yín, ẹ ó pa àkáǹtì náà rẹ́ ni. Ẹ ó bèèrè, ẹ ó dúró wákàtí 24, ímeèlì á wá, ẹ ó fi ọwọ́ sí i níbẹ̀ pé lóòótọ́ lẹ fẹ́ pa á rẹ́, kí ẹ tó wá ṣí òmíràn láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá ti fi láísẹ́ǹsì awakọ̀ àti nọ́ńbà Social Security jẹ́rìí irú ẹni tí ẹ jẹ́ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ ó tún ìyẹn náà ṣe. Ẹni tó bá ní wàhálà yìí nígbà tó kù ọjọ́ méjì kí ìwé kan kú, ó ti pẹ́ fún un.

Ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n

Èkíní ni iye tó ń náni. Èkejì, ṣé gbájúẹ̀ lè tàn yín gbà á lọ́wọ́ yín? Ẹ̀kẹta, kí ló máa ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí fóònù bá bọ́ sómi tàbí tí wọ́n jí i? Ẹ̀kẹrin, ṣé ó ń ṣiṣẹ́ bí ẹ bá wà ní Ìbàdàn tàbí Ìjẹ̀bú-Òde, tí láìnì Amẹ́ríkà ti dákẹ́? Ẹ̀karùn-ún, ṣé màmá ẹni àádọ́rin ọdún lè dá a ṣe? Èkejì àti ẹ̀kẹta ló wúwo jù lójú tèmi. Owó ò tó nǹkan nínú ọ̀rọ̀ yìí. Mẹ́rin nínú ọ̀nà márààrún ni kò gba kọ́bọ̀.

Kóòdù orí fóònù

Òun ló rọrùn jù láti bẹ̀rẹ̀, òun náà ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Ẹ ó tẹ nọ́ńbà yín, átẹ̀jíṣẹ́ á gbé kóòdù nọ́ńbà mẹ́fà wá, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló ní kó tó kú. Ẹni tí kò ní fóònù alágbèéká lè yan ìpè dípò átẹ̀jíṣẹ́: ẹ̀rọ á pe tẹlifóònù ilé, ohùn kan á sì ka kóòdù náà. Àǹfààní gidi nìyẹn fún àgbàlagbà. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà tó jẹ́ ti orí íntánẹ́ẹ̀tì, irú èyí tí àwọn èèyàn ń gbà lọ́fẹ̀ẹ́ láti inú áàpù, Login.gov sábà máa ń kọ̀ ọ́.

Ẹ ti dé Ìbàdàn fún Kérésì. Ẹ yọ SIM Amẹ́ríkà kúrò, ẹ fi ti Nàìjíríà sí i kí data má bàa wọ́n. Ímeèlì wá bá yín pé Global Entry ń fẹ́ kí ẹ ṣe nǹkan kan. Ẹ tẹ ímeèlì àti páásíwọ́ọ̀dù, Login.gov ní òun ti fi kóòdù ránṣẹ́. Kóòdù náà wà nínú afẹ́fẹ́, SIM tó yẹ kó gbà á wà nínú àpò ìwé ìrìnnà. Bí ẹ bá tiẹ̀ tún un fi sínú fóònù, bí láìnì náà bá jẹ́ èyí tí ẹ ń san owó rẹ̀ ṣáájú tí kò sì ní ètò ìlò lókè òkun, ó lè má mú nẹ́tíwọ́ọ̀kì kankan.

Nọ́ńbà fóònù kì í ṣe ohun ìní yín, iléeṣẹ́ fóònù ló ni ín. Bí ẹ kò bá san owó rẹ̀ mọ́, wọ́n á gbà á, wọ́n á sì fún ẹlòmíràn tó bá yá. Ẹni tí láìnì rẹ̀ ní Nàìjíríà ti kú rí nítorí pé kò fi ṣe nǹkan kan fún oṣù mẹ́fà mọ bó ṣe ń rí. Gbájúẹ̀ náà lè pe iléeṣẹ́ fóònù, kó pe ara rẹ̀ ní ẹ̀yin, kó ní SIM òun sọnù, kí wọ́n sì gbé nọ́ńbà yín sórí SIM tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Fóònù yín á kàn dédé pàdánù nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, kóòdù á sì máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù kò tilẹ̀ gba kí ó fọwọ́ kan SIM yín. Átẹ̀jíṣẹ́ á wá pé wọ́n ti dá owó Social Security yín dúró, kí ẹ tẹ ibí. Ojú ìwé tó yọ á jọ ti Login.gov bí Táíwò ṣe jọ Kẹ́hìndé. Ẹ tẹ ímeèlì, ẹ tẹ páásíwọ́ọ̀dù. Bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni ẹ̀rọ wọn ń gbé e lọ sí Login.gov gidi. Login.gov gidi wá fi kóòdù ránṣẹ́ sí yín, nítorí ó rò pé ẹ̀yin lẹ wà lẹ́nu ọ̀nà. Ayédèrú ní kí ẹ tẹ kóòdù náà, ẹ sì tẹ̀ ẹ́. Láàárín ìṣẹ́jú kan, wọ́n ti wà nínú ilé. Kóòdù náà ò bàjẹ́, fóònù yín ò bàjẹ́. Ohun tó fà á ni pé nọ́ńbà tí èèyàn lè kà, èèyàn lè kà á fún ẹni tí kò yẹ. Nítorí rẹ̀ ni NIST, àjọ tó ń gbé òṣùwọ̀n kalẹ̀ fún ìjọba Amẹ́ríkà, ṣe fi ìkìlọ̀ de kóòdù orí fóònù láti 2017. Ní oṣù Kejìlá 2024, CISA tó ń rí sí ààbò kọ̀ǹpútà níbẹ̀ gba àwọn tí ọ̀tá lè dójú sọ nímọ̀ràn pé kí wọ́n fi átẹ̀jíṣẹ́ sílẹ̀ pátápátá.

Áàpù tó ń ṣe kóòdù

Google Authenticator àti Microsoft Authenticator ni èyí tí ọ̀pọ̀ mọ̀. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n. Kóòdù nọ́ńbà mẹ́fà ni wọ́n ń ṣe, ó sì ń yí padà ní gbogbo ìṣẹ́jú-àáyá 30. Àṣírí kan ni Login.gov fún áàpù náà lọ́jọ́ àkọ́kọ́, nínú àwòrán QR. Láti ìgbà náà, àṣírí yẹn àti aago fóònù nìkan ló fi ń ṣe ìṣirò. Kò nílò nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kò nílò data, kò nílò SIM. Ẹ lè wà lóko, kóòdù á ṣì jáde. Fún ẹni tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín Houston àti Èkó, ó ju átẹ̀jíṣẹ́ lọ fíìfíì.

Bí ẹ bá ń ṣe é lórí fóònù kan náà tí ẹ fi ṣí Login.gov, fóònù ò lè ya àwòrán ojú ara rẹ̀. Ẹ wo ìsàlẹ̀ àwòrán QR, ẹ ó rí ọ̀rọ̀ gígùn kan. Ẹ dà á kọ, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú áàpù. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ kọ ọ̀rọ̀ gígùn yẹn sínú ìwé, ẹ fi pamọ́ sí ibi tí ẹ ń fi ìwé pàtàkì sí, nítorí òun ni ẹ lè fi gbé kóòdù kan náà sórí fóònù mìíràn. Wọn kì í fi í hàn lẹ́ẹ̀kejì.

Aago ló máa ń ba áàpù jẹ́. Ẹ bọ́ sílẹ̀ ní Èkó, aago fóònù ṣì ń sọ ti Amẹ́ríkà, ẹ wá fi ọwọ́ ti ọwọ́ aago náà síwájú ní wákàtí mẹ́fà láìyí agbègbè àkókò padà. Lójú tiyín, aago ti tọ̀nà. Lójú áàpù, ẹ ti fo wákàtí mẹ́fà sí ọjọ́ iwájú, gbogbo kóòdù tó bá ṣe ni Login.gov á kọ̀. Ẹ lọ sí ètò aago lórí fóònù, ẹ ní kí ó máa ṣe àkókò àti agbègbè fúnra rẹ̀, kóòdù á tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé lójú ẹsẹ̀.

Ibòmíràn tó ti máa ń bàjẹ́ ni fóònù tuntun. A máa ń fi fóònù àtijọ́ ránṣẹ́ sí àbúrò nílé, ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti nu fóònù náà mọ́ bí ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú páálí jáde, tí ẹ kò tíì kó kóòdù inú áàpù lọ sórí tuntun, wọ́n ti lọ nìyẹn. Láti 2023, Google Authenticator lè fi wọ́n pamọ́ sórí àkáǹtì Google yín bí ẹ bá wọlé sínú rẹ̀. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá tiyín ń ṣe bẹ́ẹ̀. Gbájúẹ̀ tó ń fi ojú ìwé ayédèrú gba kóòdù átẹ̀jíṣẹ́ lè gba ti áàpù náà lọ́nà kan náà. Nọ́ńbà tó ṣeé kà ṣì ni.

Ojú tàbí ìka

Ohun tí Login.gov pè ní "Face or touch unlock" nìyí, òun ni gbogbo ayé ń pè ní passkey. Ọ̀fẹ́ ni. Òun ni mo kà sí àyàn àkọ́kọ́ fún ẹni tó bá ní fóònù tí kò tíì gbó jù.

Nígbà tí ẹ bá ṣètò rẹ̀, fóònù á ṣe kọ́kọ́rọ́ méjì tó bára mu. Ọ̀kan lọ sọ́dọ̀ Login.gov, èyí tó jẹ́ àṣírí dúró lọ́wọ́ yín. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ wọlé, Login.gov á béèrè ìbéèrè kan tí kọ́kọ́rọ́ àṣírí nìkan lè dáhùn. Ẹ gbé ìka lé e tàbí ẹ wo fóònù, fóònù á dáhùn. Àwòrán ojú yín ò lọ síbì kankan, ìka yín náà ò lọ; inú fóònù ni wọ́n wà, fóònù ń fi wọ́n mọ̀ bóyá kó lo kọ́kọ́rọ́ náà ni. Adúróṣinṣin sì ni kọ́kọ́rọ́ yìí: login.gov ló mọ̀. Bí ojú ìwé ayédèrú bá jọ gidi títí dé orí àsíá, tí àdírẹ́sì rẹ̀ bá fi lẹ́tà kan ṣoṣo yàtọ̀, kọ́kọ́rọ́ ò ní dá a lóhùn. Ẹ̀yin lè ṣìnà, òun kì í ṣìnà. Kò sì sí nọ́ńbà tí ẹnikẹ́ni lè fi ẹ̀tàn gbà lẹ́nu yín.

Ó ní ibi tó ti ń kọsẹ̀. Ìka tó ti pẹ́ nínú omi, ìka ẹni tó ń dirun láti àárọ̀, ìka nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ ìbọ̀wọ́, fóònù lè má dá a mọ̀. PIN fóònù ló máa béèrè nígbà náà, ìyẹn sì fi hàn pé ẹni tó bá mọ PIN fóònù yín ti lè wọlé. Bí ọmọ yín bá mọ ti iPad tó wà ní pálọ̀, ẹ má ṣe fi kọ́kọ́rọ́ yìí sórí iPad yẹn. Ọ̀rọ̀ ìbejì náà tún wà níbẹ̀: Apple fúnra rẹ̀ sọ pé Face ID lè ṣi ìbejì mú ju bó ṣe lè ṣi àjèjì mú lọ. Nínú ẹ̀yà tí ìbejì pọ̀ tó báyìí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Kí ìbejì tó jọra lo ìka, tàbí kí ó fi PIN gígùn ṣe é.

Orí iPhone, iCloud ló ń gbé kọ́kọ́rọ́ náà láti ẹ̀rọ kan sí òmíràn. Orí Android, àkáǹtì Google ni. Bí fóònù bá sọnù, tí ẹ bá ra irú rẹ̀ mìíràn tí ẹ sì wọlé sí àkáǹtì kan náà, ó padà dé nìyẹn. Ẹni tó bá fi iPhone sílẹ̀ lọ sí Android kò gbọ́dọ̀ retí pé kọ́kọ́rọ́ náà á dédé tẹ̀ lé òun. Kí ó wọlé pẹ̀lú ti àtijọ́, kí ó fi tuntun kún un, kí ó tó yọ ti àtijọ́.

Kọ́kọ́rọ́ àfọwọ́mú

Ohun kékeré bí ìdérí bírò ni, ẹ lè so ó mọ́ kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Bí passkey ló ṣe ń ṣiṣẹ́, àfi pé inú irin rẹ̀ ni àṣírí náà wà, kò sì lè jáde lọ sórí ẹ̀rọ mìíràn. Ẹ ó tì í bọ ihò USB tàbí kí ẹ fi kan ẹ̀yìn fóònù tó ní NFC (ohun tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ méjì tó fara kanra bára wọn sọ̀rọ̀), ẹ ó fọwọ́ kàn án, ó tán. Kò ní bátìrì. Èyí tó dínwó jù lára ti Yubico, iléeṣẹ́ kan tó ń ṣe é, ń lọ ní nǹkan bíi dọ́là 30. Méjì lẹ gbọ́dọ̀ rà, ẹ ó fi méjèèjì sí àkáǹtì náà lọ́jọ́ kan náà, ọ̀kan á máa bá yín rìn, èkejì á jókòó sílé. Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo ihò kọ̀ǹpútà yín, nítorí USB-A ò ní wọ USB-C. Ẹ má ra àlòkù.

Kóòdù ìpamọ́

Login.gov lè fún yín ní kóòdù mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ tẹ̀ wọ́n sórí ìwé. Ẹni tó ya àwòrán wọn sínú fóònù kò tíì ṣe nǹkan kan, nítorí ọjọ́ tí fóònù bá sọnù ni ó máa nílò wọn. Ẹ fa ìlà sórí èyí tí ẹ bá ti lò. Bí ẹ bá ní kí wọ́n ṣe mẹ́wàá tuntun, ti àtijọ́ ti kú, kí ẹ fà á ya kó má bàa da yín láàmú lọ́jọ́ tí ara ò rọ̀. Ìwé yìí kò yẹ kó jẹ́ ọ̀nà kan ṣoṣo tí ẹ ní: ẹni tó bá rí i tó sì mọ páásíwọ́ọ̀dù yín ti ní ilé. Àmọ́ gẹ́gẹ́ bí èkejì, kò sí ohun tó dà bíi rẹ̀.

Ohun kan wà tí àwọn èèyàn máa ń ṣì mú fún un. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti jẹ́rìí irú ẹni tí ẹ jẹ́, Login.gov á fún yín ní "personal key" tó jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 16. Kì í ṣe kóòdù ìwọlé. Ọjọ́ tí ẹ bá gbàgbé páásíwọ́ọ̀dù tí ẹ sì yí i padà ni yóò wúlò. Bí kò bá sí lọ́wọ́, ẹ ó tún fi láísẹ́ǹsì àti gbogbo rẹ̀ jẹ́rìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé kan náà, kí ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ta ló yẹ kó mú èwo?

Méjì ni kí ẹnikẹ́ni mú, kí méjèèjì má sì gbé orí ohun èlò kan ṣoṣo. Átẹ̀jíṣẹ́ àti áàpù lórí fóònù kan, ọjọ́ kan náà ni wọ́n á jọ sọnù. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, ṣùgbọ́n bí méjèèjì bá gba orí afárá kan, tí afárá náà wó ńkọ́?

Ẹni tó ní fóònù kan, tí kò sì fẹ́ náwó: ojú tàbí ìka, pẹ̀lú kóòdù ìpamọ́ lórí ìwé. Èyí ló bá ọ̀pọ̀ èèyàn mu, ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò tíì pé tí ẹ ó fi ṣe é tán.

Ẹni tó ń wálé lọ́dọọdún: ojú tàbí ìka, áàpù, pẹ̀lú kóòdù ìpamọ́ méjì tó dà kọ sínú àpò ọ̀tọ̀ sí ti fóònù. Bó bá jẹ́ pé átẹ̀jíṣẹ́ nìkan ló ní, kí ó fi òmíràn kún un kí ó tó wọ ọkọ̀ òfurufú, nítorí tó bá ti dé Èkó, kóòdù tó nílò láti fi wọlé lọ ṣe àtúnṣe náà, SIM tó kù sílé ló ń lọ.

Màmá tàbí bàbá tó ń gba owó Social Security: bí wọ́n bá ti ń fi ìka ṣí fóònù wọn lójoojúmọ́, ìka yẹn náà ni, kò sí ohun tuntun láti kọ́. Bí wọn kò bá lo irú fóònù bẹ́ẹ̀, ìpè sí tẹlifóònù ilé pẹ̀lú kóòdù ìpamọ́. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má fi nọ́ńbà tiyín nìkan sí àkáǹtì wọn. Lọ́jọ́ tí ẹ bá wà lẹ́nu iṣẹ́ òru, Màmá ò ní lè wọlé, bí ẹ bá sì yí láìnì padà, ẹ ti ti Màmá mọ́ta. Kí ẹ sì sọ fún wọn ní Yorùbá tó yé wọn pé ìjọba kì í pe ẹnikẹ́ni láti béèrè kóòdù. Ẹni tó bá pè, kí wọ́n gbé fóònù sílẹ̀.

Oníléeṣẹ́ tó wà lórí SAM.gov: kọ́kọ́rọ́ àfọwọ́mú méjì, láìjanpata. Nọ́ńbà báǹkì tí ìjọba ń san owó sí wà níbẹ̀. Ní 2018, GSA kéde pé wọ́n ń wádìí àwọn oníjìbìtì tó wọlé lọ yí àkọsílẹ̀ àwọn iléeṣẹ́ padà lórí ìkànnì náà. Dọ́là 60 kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó iṣẹ́ àgbàṣe kan tó bá ya sọ́nà ibòmíràn.

Ẹni tó ń lo kọ̀ǹpútà ilé ìkàwé: áàpù ló rọrùn jù fún un, nítorí kọ̀ǹpútà ibẹ̀ lè má jẹ́ kí ó ki nǹkan bọ ihò USB. Kí ó tẹ secure.login.gov fúnra rẹ̀, kí ó má tẹ ìlujá inú átẹ̀jíṣẹ́ kankan, kí ó má sì mú "Remember this browser", torí ó lè mú kí kọ̀ǹpútà yẹn má béèrè ọ̀nà kejì mọ́ fún ọjọ́ 30.

Ẹni tó fẹ́ fi láìnì kan sílẹ̀, irú ọ̀nà yòówù kó máa lò: kí ó wọlé, kí ó fi tuntun kún un, kí ó jáde, kí ó fi tuntun yẹn wọlé lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tó bá ti wọlé ni kí ó yọ nọ́ńbà àtijọ́, kí ó tó pe iléeṣẹ́ fóònù pé kí wọ́n pa á.